Bàbá Tó Ń Gbé Inú Báàgì

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹni tó bá sọ fún yín pé òun ò parọ́ rí, ẹ bi í léèrè bóyá ó ti dá òwò sílẹ̀ rí.

Obìnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kì í ṣe òpùrọ́ láti ilé wá. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká sọ ọ́, kí ẹlòmíràn lè fi tòun kọ́gbọ́n. Ó kàn bẹ̀ wá pé ká fi orúkọ òun bò. Ìnagijẹ tí wọ́n fún un níbi iṣẹ́ la ó máa pè é: Asọ̀rọ̀dayọ̀.

Alábòójútó òṣìṣẹ́ ni ní ilé iṣẹ́ adójútòfò ńlá kan. Òun ló ń gba ènìyàn síṣẹ́, òun náà ló ń fún wọn níwèé gbélé-ẹ nígbà tí ọ̀gá bá ní ó tó. Wọ́n ń pè é ní Asọ̀rọ̀dayọ̀ nítorí pé ó lè lé ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́, kí onítọ̀hún sì dúpẹ́ kó tó jáde.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bá a jẹun. Tó bá ti wọ kántíìnì, ọ̀rọ̀ á kú mọ́ àwọn tó jókòó lẹ́nu. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ á wá máa wo ṣíbí ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ṣíbí.

Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ló ti pàdé àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ mìíràn. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo wọn. Ọkùnrin kan tó wá láti ilé iṣẹ́ ọ̀dà ní, "Tèmi tiẹ̀ burú jù. Ajá tó ń ṣọ́ géètì wa gan-an kì í jẹun tí mo bá ń wò ó. Ẹ̀rù ń bà á kí n má dá a dúró."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ibẹ̀ ni Asọ̀rọ̀dayọ̀ ti rí òwò. Ó ní òun á dá ibùjókòó kan sílẹ̀ fún irú àwọn wọ̀nyí: yàrá tó dára, kọfí, ọ̀rọ̀ sísọ lọ́jọ́ Jímọ̀, àti agbo kan lórí fóònù tí wọ́n á ti máa béèrè ohun tí wọn ò lè béèrè lọ́ọ́fíìsì. Ẹni tó bá wọlé á máa san owó ẹgbẹ́ lóṣooṣù.

Nígbà tó gbé ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀ dé iwájú ọ̀gá pátápátá, ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹgbẹ́ àwọn tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ rí? Ta ló máa sanwó torí pé ó fẹ́ rí wọn?"

"Àwọn náà ni, sà. Wọn ò ní ẹlòmíràn tí wọ́n lè rí ni."

"Ó dáa. N kò ní jẹ́ kí àga rẹ tutù. O máa padà wá."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára ju bó ṣe yẹ lọ. Ó búra nínú ara rẹ̀ pé àga yẹn á di yìnyín kí òun tó tún jókòó lé e.

Ó gba yàrá kan lókè ibi tí wọ́n ti ń ta awò ojú. Ó kùn ún, ó ra àga tí ìdí kì í tètè ro lórí rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó forúkọ sílẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀, tí òun náà jẹ́ alábòójútó òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọṣẹ. Opó ni ẹ̀gbọ́n yìí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti tẹ̀ síwájú, kálukú ti lọ sí ilé tirẹ̀. Kì í sunkún, kì í ráhùn. Òun ni gbogbo ẹbí ń sá lọ bá tí ọ̀rọ̀ bá dojú rú.

"N kò nílò ẹgbẹ́ kankan o," ẹ̀gbọ́n wí. "Ṣùgbọ́n báwo la ó ti ṣe é? Àbúrò mi ni ẹ́."

Àwọn mìíràn wọlé. Ẹni ilé iṣẹ́ ọ̀dà náà dé. Ṣùgbọ́n agbo orí fóònù dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù kúrò. Láàárọ̀, ẹnì kan á ní, "Ẹ káàárọ̀ o." Ẹlòmíràn á ní, "Àmín." Ó parí. Iṣẹ́ àṣírí pípamọ́ ni iṣẹ́ wọn. Ta ló máa kọ́kọ́ ya ẹnu? Nígbà tó yá, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí àwọn ń sanwó fún gan-an.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Asọ̀rọ̀dayọ̀ nìkan ló jókòó sínú yàrá láàárín àwọn àga tuntun. Ó ń tú dúrọ́ọ̀, ó wá rí fóònù àtijọ́ kan tó ní nọ́ńbà tí kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó wò ó. Fóònù náà ń wò ó.

Kó tó parí èrò rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti parí iṣẹ́. Ọkùnrin tuntun kan ti wọ inú agbo. Fìlà kan tí ẹnì kan gbàgbé sórí tábìlì ló yà, ó fi ṣe àwòrán rẹ̀. Ó pè é ní Bàbá Afẹ̀yìntì.

Bàbá kọ̀wé: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ọjọ́ orí mi gbogbo ni mo fi lé ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ló wá kí mi lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì. Ó dì mọ́ mi, ó ní òun ò bínú. Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti sùn dáadáa. Kí ló yẹ kí n sọ fún un?"

Asọ̀rọ̀dayọ̀ lọ gbé omi kaná. Kí omi tó hó, agbo ti gbiná. Ẹni tí kò sọ ju "àmín" lọ láti ìgbà tó ti wọlé kọ odidi ìwàásù. Ẹlòmíràn ní òun náà ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́kàn. Ó ya Asọ̀rọ̀dayọ̀ lẹ́nu, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó gbàgbé omi orí iná.

Bí Bàbá ṣe di àgbà ẹgbẹ́ nìyẹn. Kò sí ìbéèrè tó ń bà á lẹ́rù. Obìnrin kan ní ọ̀gá òun ní kí òun gba àbúrò àlè rẹ̀ síṣẹ́, ọmọ náà ò sì mọ nǹkan kan. Bàbá dáhùn pé, "Gbà á. Ẹnu ọ̀nà ọ̀gá gan-an ni kí o fi í sí. Kò ní pẹ́ tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ á máa bẹ̀ ọ́ pé kí o lé e." Bó sì ṣe rí nìyẹn! Obìnrin náà mú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ ẹgbẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mú ọ̀rẹ́ tiwọn wá. Tó bá di Jímọ̀, àga ò tó mọ́.

Ọkọ Asọ̀rọ̀dayọ̀, olùkọ́ ìṣirò tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó bá fóònù kejì nínú báàgì ìyàwó rẹ̀, ó kà á, ó wò ó lójú, ó sì dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káalẹ́ o, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi bẹ ìyàwó mi. Láti ìgbà tó ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kì í dáná mọ́."

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre."

"Mo gbọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ rántí o: irọ́ ò ṣòro ó pa. Bíbọ́ rẹ̀ ló ṣòro. Ojoojúmọ́ ló ń jẹun."

Irọ́ náà ò sì pẹ́ kó tó béèrè oúnjẹ tó ju tàárọ̀ lọ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí Bàbá ní kọ̀rọ̀. Ẹni ilé iṣẹ́ ọ̀dà ní ìyàwó òun kì í bá òun sọ̀rọ̀ mọ́ àfi tí iná bá lọ. Obìnrin kan sọ ohun tí ọ̀gá rẹ̀ ṣe sí i, ohun tí kò sọ fún ìyá tó bí i. Ó yẹ kí Asọ̀rọ̀dayọ̀ pa fóònù yẹn nígbà náà. Kò pa á. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni. Ká sòótọ́, etí rẹ̀ ń yún un láti gbọ́ sí i.

Lọ́jọ́ kan ni ọ̀rọ̀ wọlé láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò retí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ ní ìyàwó yín ti di olóògbé. Ṣé ìdákẹ́jẹ́ ilé máa ń ba ẹ̀yin náà lẹ́rù?"

Asọ̀rọ̀dayọ̀ ń jẹun lọ́wọ́. Ó gbé ṣíbí kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Òkúta tí gbogbo wọn ń fẹ̀yìn tì?

Bàbá dáhùn pé, "Ó máa ń bà mí lẹ́rù o. Sọ tìrẹ fún mi."

Ẹ̀gbọ́n sọ ọ́. Ó ní òun máa ń tan rédíò sílẹ̀ nínú yàrá tí òun ò sí, kó lè dà bí ẹni pé ènìyàn wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó tún kọ̀wé: "Àbúrò mi ló ni ẹgbẹ́ yìí. Ó lọ́yàyà, ó gbọ́n. Ó máa ń pè mí dáadáa. Ṣùgbọ́n tó bá pè, òun ló ń sọ̀rọ̀. Tí mo bá ní ara mi ò yá, á ní 'Ẹ lo oògùn,' á sì padà sórí ọ̀rọ̀ tirẹ̀."

Ìtìjú bo Asọ̀rọ̀dayọ̀. Ó dìde láti lọ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, láti jẹ́wọ́. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Ó jókòó, ó sì fi ọwọ́ Bàbá kọ ọ̀rọ̀ ìtùnú tó dùn ju èyí tí òun fúnra rẹ̀ ti sọ fún ọmọ ìyá rẹ̀ rí.

Láti ìgbà yẹn, ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tàn bí ẹyin tí wọ́n bó. Ó ṣe irun. Ó ra bàtà gíga. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó fa àbúrò rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Ẹnì kan wà."

"Ẹnì kan bí i ta ni?"

"Àgbàlagbà kan ni. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó sì mọ ọ̀rọ̀ gbọ́."

Kọfí gba ọ̀nà tí kò yẹ lọ́fun Asọ̀rọ̀dayọ̀. Ó húkọ́ títí tí wọ́n fi gbá a lẹ́yìn. Nígbà tó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ nílé, ọkọ rẹ́rìn-ín tó fi jábọ́ lórí àga.

"Ẹ kú oríire, Bàbá! Ìgbà wo lẹ máa wá tọrọ ìyàwó? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí sílẹ̀ nílé o, àna yín ni mí."

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n béèrè lọ́wọ́ Bàbá pé ìgbà wo làwọn máa fojú kan ara. Ẹ̀rù ba Asọ̀rọ̀dayọ̀, ó sì fi kánjúkánjú kọ ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu: "Rọra, ọmọ dáadáa. Àtẹ̀gùn ò sá lọ."

Ẹ̀gbọ́n ò fèsì lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó máa fèsì, ìwé rẹ̀ gbóná bí ààrò. "Ẹ̀yin olówó orí mi lọ́la, irú aṣọ wo lẹ fẹ́ràn lára obìnrin?" Lọ́jọ́ kejì: "Olówó orí mi, mo lá àlá fìlà yín." Asọ̀rọ̀dayọ̀ á máa kà á, á máa fọwọ́ bojú, á máa yọjú láàárín ìka.

Èyí tó wá burú jù ni pé ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àbúrò rẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ sọ. "Àbúrò mi yẹn, ahun ni. Kọfí tó ń fún wa nínú ẹgbẹ́, omi gbígbóná tó kàn gbọ́ orúkọ kọfí ni."

Inú bí Asọ̀rọ̀dayọ̀. Ṣùgbọ́n kí ló kan Bàbá? Bàbá kọ̀wé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: "Má sọ bẹ́ẹ̀. Ó ń gbìyànjú."

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n ni. Orin rẹ̀ ni kí ẹ gbọ́, ẹ ó sá jáde nílé."

Asọ̀rọ̀dayọ̀ fi bí ọjọ́ méjì rìn káàkiri ilé láìkọrin.

Bẹ́ẹ̀ ni ayẹyẹ ọdún kìíní ẹgbẹ́ ń sún mọ́lé. Ọ̀gá pátápátá, ẹni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́sí, ló pè é. Ó ní òkìkí Bàbá ti kan òun. Òun fẹ́ kí gbogbo alábòójútó òṣìṣẹ́ ní ẹ̀ka ilé iṣẹ́ òun pátá wọ ẹgbẹ́. "Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bọ Bàbá lọ́wọ́ ná. N kì í ra ẹja nínú omi."

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ní àfi kí Bàbá wá. Bàbá ní ara òun ò yá. Wọ́n ní kó sọ ilé ìwòsàn tó wà, àwọn ń bọ̀ pẹ̀lú èso. Bàbá yára gbádùn. Ó wá ní òun fẹ́ rìnrìn àjò lọ kí ọmọ òun. Ojú ẹsẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n kọ ọ́ sínú agbo, lójú gbogbo ayé: "Ọmọ wo, Bàbá? Ṣebí ẹ sọ fún mi pé ẹ ò bímọ?"

Ọkọ Asọ̀rọ̀dayọ̀ ní, "Ọ̀nà kan ló kù. Pa á."

"Pa ta ni?"

"Bàbá. Kó sùn, kó má jí."

"Ṣé wọn ò ní béèrè ibi tí wọ́n máa sin ín sí?"

Ọkọ ronú. "Òótọ́ ni. Wọ́n á tiẹ̀ fẹ́ kí opó rẹ̀ sọ̀rọ̀."

Ni Bàbá bá gbà pé òun á wá.

Lọ́jọ́ náà, gbọ̀ngàn tí wọ́n háyà kún fọ́fọ́. Ọ̀gá pátápátá jókòó níwájú. Àga tí wọ́n wé aṣọ funfun mọ́ ṣófo fún Bàbá. Ẹ̀gbọ́n Asọ̀rọ̀dayọ̀ ló jókòó tì í, ó wọ aṣọ tó ń dán, ó ń rẹ́rìn-ín bí ìyàwó.

Nígbà tí ojú gbogbo ènìyàn ti wà lẹ́nu ọ̀nà, Asọ̀rọ̀dayọ̀ yọ́ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n kó àwọn àga tó ti kán sí. Ó fa fóònù yọ nínú báàgì. Ó kọ ọ́ sínú agbo: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má bínú. Mọ́tò mi ti kú sójú ọ̀nà."

Ohun tó gbàgbé ni irú àwọn tó ń bá lò. Iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun ni yíyanjú ìṣòro ènìyàn. Ariwo ta nínú gbọ̀ngàn.

"Níbo lẹ wà, Bàbá? Mo ní mẹkáníìkì!"

"Mo ń bọ̀ wá gbé yín!"

Ó gbọ́ ohùn ọ̀gá pátápátá: "Dírẹ́bà mi wà nísàlẹ̀. Kó sọ ibi tó wà!"

Ó kọ ọ́ pé, "Ẹ má ṣèyọnu. Ó jìnnà." Wọ́n ní, "Báwo ló ṣe jìnnà tó?" Ó ní, "Ó jìnnà gan-an." Wọ́n ní, "Ibo gan-an?" Òógùn ń kán sórí fóònù, ìka rẹ̀ ń yọ̀.

"Ẹ káàsán o, Bàbá."

Ó yí padà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ eléruku náà, eékún méjèèjì, pẹ̀lú aṣọ tó ń dán. Ó kúnlẹ̀ fún àbúrò tó pọ̀n.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ dìde! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde!"

"Kí n dìde kẹ̀? Ṣé òòró ni wọ́n ti ń kí olówó orí ẹni?"

Àbúrò náà wólẹ̀. Àwọn méjèèjì wá wà nílẹ̀ láàárín àwọn àga tó kán.

"Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Láti ìgbà tí Bàbá ti ní àtẹ̀gùn ò sá lọ. Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ láyé yìí yàtọ̀ sí màmá wa? Gbogbo ìgbà tí a bá ń sáré sọ̀kalẹ̀ lọ sílé ìwé, ohun tí wọ́n ń kígbe lé wa lórí nìyẹn. Mo jókòó ti fóònù, mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún. Mo ní ó dáa, màá jẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni ẹ̀gbọ́n."

"Gbogbo ọ̀rọ̀ olówó orí yẹn…"

"Mo ń fi ẹ́ ṣeré ni."

"Ti kọfí ńkọ́?"

"Ti kọfí, òótọ́ ni." Ẹ̀rín wá kúrò lójú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ ṣáájú ìgbà náà, n kò fi ṣeré. Mo rò pé ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀ wà láyé ni."

Asọ̀rọ̀dayọ̀ da ojú fóònù náà délẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n dìde, ó gbọn eruku aṣọ rẹ̀ nù. "Àwọn ènìyàn ń wá ọkùnrin tí kò sí káàkiri títì. Ìwọ ni kí o lọ sọ fún wọn. Tó bá jẹ́ èmi ni mo lọ, ó ti tán fún ẹ."

Asọ̀rọ̀dayọ̀ jáde síwájú. Ó gbé fóònù náà sókè kí gbogbo wọn lè rí i. "Bàbá Afẹ̀yìntì nìyí," ó wí. "Èmi ni. Kò sí ẹlòmíràn."

Ẹni ilé iṣẹ́ ọ̀dà ló kọ́kọ́ dìde.

"Ẹ dúró ná. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó mi fún Bàbá, ẹ̀yin lẹ gbọ́ ọ?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa fọ abọ́ kí ìyàwó mi tó sọ ọ́?"

"Èmi ni."

Ó fọwọ́ họ orí. "Ó ṣiṣẹ́ o," ó wí, ó sì jókòó. Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà lẹ́yìn tí kò rẹ́rìn-ín. Obìnrin tó sọ ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ fún Bàbá ni. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá. "Ohun tí mo sọ fún Bàbá, n kò lè sọ ọ́ fún yín láéláé. Ẹ jí i lọ́wọ́ mi ni." Ó jáde. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e, tí ìró bàtà wọn ń dún lórí àtẹ̀gùn.

Ọ̀gá pátápátá rẹ́rìn-ín tirẹ̀ tẹ́rùn kó tó dìde. "Ká ní o lo ọgbọ́n yìí nígbà tí o wà lọ́dọ̀ mi, ǹ bá ti fi ọ́ ṣe igbákejì mi. Ṣùgbọ́n n kò lè kó àwọn ènìyàn mi fún ẹ." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Asọ̀rọ̀dayọ̀ pa nọ́ńbà Bàbá rẹ́ lójú àwọn tó kù. Ó wá obìnrin yẹn lọ sílé, kí ó lè bẹ̀ ẹ́ lójúkojú. Obìnrin náà gbọ́ ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ti gbọ́, ó sì ti ilẹ̀kùn. Kò padà sínú ẹgbẹ́ títí di òní. Ìyẹn ni Asọ̀rọ̀dayọ̀ ní ká kọ gàdàgbà fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kó ènìyàn jọ: ènìyàn á dárí owó jì yín, á dárí àṣìṣe jì yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó sọ fún ẹni tí kò sí, ẹ ò lè dá a padà sí i lẹ́nu.

Ẹgbẹ́ ò kú. Àwọn díẹ̀ ń wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Níwọ̀n ìgbà tó ti tú àṣírí ara rẹ̀, ó dà bí ẹni pé ẹnu àwọn náà fúyẹ́; wọ́n ń béèrè ọ̀rọ̀ fúnra wọn láìsí Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò wá. Kò gbé fóònù. Ó kàn ń rán ọkọ àbúrò rẹ̀ níṣẹ́ pé, "Kí ìyàwó rẹ."

Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, Asọ̀rọ̀dayọ̀ gba ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kò kúrò lójú ọ̀nà. Rédíò ń sọ̀rọ̀ ní yàrá inú.

"Kí lo wá ṣe? Ẹ̀bẹ̀? O ti bẹ̀bẹ̀."

"Mo wá gbọ́ ni. Ohun tẹ́ ẹ sọ fún Bàbá, ẹ sọ ọ́ fún mi."

"Kí ni Bàbá ò gbọ́ níbẹ̀?"

"Bàbá gbọ́ ọ. Èmi ni n kò gbọ́."

Ẹ̀gbọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó lè kọjá. Ó lọ pa rédíò.

Wọ́n jókòó sínú pálọ̀. Ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀, àbúrò ń gbọ́. Ó sọ ti ọkọ rẹ̀ tó kú, ó sọ ti orúnkún tó ń dùn ún, ó sọ ti àwọn ọmọ tí kì í pè àfi tí nǹkan bá bàjẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni ọ̀rọ̀ dé Asọ̀rọ̀dayọ̀ lẹ́nu, ìmọ̀ràn tó dára gan-an, ó sì gbé e mì bí oògùn kíkorò.

Oòrùn ti ń lọ kúrò lójú fèrèsé kí ẹ̀gbọ́n tó dákẹ́. Ó fẹ̀yìn ti àga, ó mí kanlẹ̀.

"Ohun kan ló ń bí mi nínú," ó wí. "Ọkùnrin yẹn mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó sàn jù ẹ́ lọ."

"Èmi náà mọ̀."

"Àárò rẹ̀ ń sọ mí, ká má parọ́."

Asọ̀rọ̀dayọ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi," ó wí, "àárò rẹ̀ ń sọ èmi náà."